Ìdí tí Ìwàláàyè Fi Rọ̀ Mọ́ Àwọn Ẹ̀dá Àìfojúrí: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Afẹ́fẹ́, Oko àti Ilé Ìdáná

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá kókó iṣẹ́ yìí mu. Àwọn ẹ̀dá kan wà tí wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Antonie van Leeuwenhoek, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó kọ́kọ́ fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá rí bakitéríà ní ọdún 1676. Nígbà tí Louis Pasteur àti Robert Koch wá fi hàn pé irú wọn kan ló ń fa àrùn, orúkọ burúkú ló kù fún gbogbo wọn. ‘Kòkòrò àrùn’ ni à ń pè wọ́n ní kíláàsì àti nínú ìkéde ìlera. Orúkọ yìí tọ́ sí èyí tó ń fa onígbáméjì tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ṣùgbọ́n kò tọ́ sí èyí tó pọ̀ jù lára wọn. Nítorí náà, ‘ẹ̀dá àìfojúrí’ ni a ó máa lò nínú iṣẹ́ yìí, kí a má baà pe olóore ní ọ̀tá.

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí

Nígbà ìwáṣẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ ilé ayé. Àwọn bakitéríà inú omi tí wọ́n ń jẹ́ cyanobacteria ló kọ́kọ́ ń fi ìtànṣán oòrùn pèsè oúnjẹ fún ara wọn, tí wọ́n sì ń tú ọ́síjìn jáde. Ó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 ọdún sẹ́yìn tí ọ́síjìn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Títí di òní, igi nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tó ń jáde lọ́dọọdún, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀dá inú òkun ló ti ń wá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ojú wa kò sì lè rí.

Ilẹ̀ tí à ń dáko sí

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Náítírójìn kó ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́. Ọ̀gbìn kò lè dàgbà láìsí i, síbẹ̀ kò sí ọ̀gbìn tó lè fúnra rẹ̀ mú un láti inú afẹ́fẹ́. Ó dà bí ẹni tó wà létí odò tó ń fi itọ́ ṣanwọ́. Bakitéríà tí à ń pè ní rhizobium ló ń yanjú ìṣòro yìí. Ó ń wọ inú gbòǹgbò ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà, ibẹ̀ a sì yọ kókó róbótó-róbótó. Ọ̀gbìn ń fún bakitéríà ní ṣúgà. Bakitéríà ń sọ náítírójìn di oúnjẹ fún ọ̀gbìn. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Hermann Hellriegel àti Hermann Wilfarth ló ṣàlàyé èyí ní Jámánì. Ní ọdún 1888, Martinus Beijerinck ya bakitéríà náà sọ́tọ̀.

Àwọn àgbẹ̀ Àríwá Nàìjíríà tí wọ́n ń gbin ẹ̀wà mọ́ ọkà bàbà ti ń jẹ àǹfààní ìbáṣepọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́. Ní àkókò tí owó àpò ajílẹ̀ kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àgbẹ̀, ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan.

Àwọn ẹ̀dá àìfojúrí mìíràn ló ń jẹ́ kí ewé tó já, ìgbẹ́ ẹran àti òkú ẹranko jẹrà. Bí kò bá sí wọn, òkú ìbá kún ilẹ̀, oúnjẹ tó wà lára òkú náà kò sì ní padà sí ilẹ̀ fún ọ̀gbìn mìíràn.

Inú ìkòkò àti inú ikùn

Kò sí irú tí a lè fi se ọbẹ̀ láìsí Bacillus subtilis tó ń sọ èso igba di irú. Ògì tó kan, irú wọn mìíràn ló mú un kan. Nígbà tí a bá rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún fùfú, àwọn ni wọ́n ń rọ̀ ọ́, tí èyí tó pọ̀ nínú májèlé rẹ̀ fi ń jáde. Màlúù pàápàá kò lè dá koríko dà nínú; àwọn tó ń gbé inú ikùn rẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Àwa ènìyàn náà kò yàtọ̀. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2016 sọ pé bakitéríà tó wà lára géńdé kan tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38.

Ìgúnlẹ̀ àti àbá

A ti rí i pé afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti ilẹ̀ wa rọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá àìfojúrí. A wá dá àbá mẹ́ta:

1. Kí olùkọ́ fi ‘kòkòrò àrùn’ mọ sí èyí tó ń fa àrùn nìkan. Ọmọ tí a kọ́ pé ọ̀tá ni gbogbo wọn kò ní mọ ohun tó ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá.

2. Kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí oko ilé-ìwé. Kí wọ́n rọra hú ẹ̀wà tó ti ń tanná, kí wọ́n fọ gbòǹgbò rẹ̀, kí wọ́n sì la kókó ara rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bakitéríà wà lẹ́nu iṣẹ́. Abẹ nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí ń béèrè, kò ní in lára.

3. Kí a máa fọwọ́ wa, kí a sì máa se omi wa, ṣùgbọ́n kí a yé lo oògùn apa-bakitéríà láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wa. Oògùn náà kò mọ olóore yàtọ̀ sí ọ̀tá. Àwa ló yẹ kí a mọ̀ ọ́n.