Bí Eré Ìdíje Gbogbo Áfíríkà Ṣe Dàgbà, àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Ní Mòwé, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀, ọmọdé tí ó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ a máa wá ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí. Bí onílẹ̀ bá já búlọ́ọ̀kù síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, eré parí nìyẹn. Nítorí náà, ìtàn bí eré ìdíje gbogbo Áfíríkà ṣe dé ìlú Èkó, tí ó sì dàgbà, kan àwọn ìlú tí ó múlé gbe Èkó pẹ̀lú.

Kí ni eré ìdíje yìí? Àpèjọ ọlọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin ni, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ti ń díje nínú oríṣiríṣi eré ní àkókò kan náà: ìje sísá, fífò, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, bọ́ọ̀lù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò rẹ̀ ti pẹ́. Pierre de Coubertin, ará Faransé tí ó jí ìdíje Òlíḿpíìkì dìde, fẹ́ kí a ṣe irú rẹ̀ ní Algiers ní 1925 àti ní Alexandria ní 1929, ṣùgbọ́n àwọn ìjọba amúnisìn kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà gba òmìnira ni ọ̀nà là. Ní oṣù Keje ọdún 1965, nǹkan bí 30 orílẹ̀-èdè pàdé ní Brazzaville, tí àwọn eléré ìdárayá tó 2,500.

Ìlú Bamako ni ó yẹ kí ó gba àlejò ẹlẹ́ẹ̀kejì ní 1969, ṣùgbọ́n àwọn ológun gba ìjọba ní Màlì ní 1968. A gbé e fún Èkó, ogun abẹ́lé sì tún fa ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn títí di oṣù Kíní ọdún 1973. Ọdún mẹ́ta péré ni ogun ti parí nígbà náà. Ìjọba kọ́ pápá ìṣeré ńlá sí Sùúrùlérè, a sì parí rẹ̀ ní 1972. Níbẹ̀ ni Filbert Bayi, ará Tànsáníà, ti borí Kip Keino, ará Kẹ́ńyà, nínú ìje 1,500 mítà. Níbẹ̀ ni Modupe Oshikoya, ọmọ Nàìjíríà, ti gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú fífò sókè, fífò jínnà àti sísáré fo igi ìdènà. Nàìjíríà borí Gíní, ó sì gba ti bọ́ọ̀lù. Ní ọdún yẹn kan náà ni a bẹ̀rẹ̀ Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ní Èkó, kí àwọn ọmọ tí ogun ti yà nípá lè tún bá ara wọn ṣeré.

Láti ìgbà náà ni ìdíje yìí ti ń gbòòrò. A kò gba Gúúsù Áfíríkà láàyè nítorí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọlé ní Harare ní 1995. Ní 2003, Àbújá gba àlejò orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50, Nàìjíríà sì ṣíwájú nínú àmì ẹ̀yẹ wúrà. Nígbà tí ó di oṣù Kẹta ọdún 2024 ní Accra, oríṣi eré ti di 29.

Bí eré ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ìlú tí ń gbàlejò ń wúwo sí i, nítorí pé eré kọ̀ọ̀kan ló ń béèrè ibi tirẹ̀, ilé fún àlejò, ọ̀nà àti owó. Kíkọ́ nìkan kò sì tó; ìtọ́jú ni ó ṣòro jù. Pápá Sùúrùlérè, níbi tí Nàìjíríà ti gba ife Áfíríkà ní 1980, di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí pápá tuntun dé Àbújá.

Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti gba Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè lálejò, ní 2006 àti ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2025. Ṣùgbọ́n eléré ìdárayá kì í ti inú pápá ńlá bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ lásán tí ó wà nítòsí ilé rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ sáré.

Àwọn ènìyàn ń ti Èkó wá sí Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ lójoojúmọ́, a sì ń ta ilẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù tí ó gùn ní 100 mítà, tí ó fẹ̀ ní 64, kò tó púlọ́ọ̀tì mẹ́wàá, bí púlọ́ọ̀tì kan bá jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà lọ́nà 120. Kí a tó gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ni ó yẹ kí àwọn ìdílé onílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn onílé àti baálẹ̀ pàdé, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀tì mẹ́wàá yìí sọ́tọ̀, kí awọnlẹ̀ fi í sínú àwòrán ilẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ hàn ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Bí ilé bá ti bo gbogbo rẹ̀, kò sí owó tí yóò rà á padà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.