Bakitéríà tó ń ṣe lysine fún oúnjẹ adìyẹ

Ẹni tó ń po oúnjẹ adìyẹ fúnra rẹ̀ kì í fi lysine ṣeré, ọ̀kan lára àwọn amino acid tí ara fi ń mọ purotéènì. Ìwọ̀nba díẹ̀ náà ni wọ́n ń wọ̀n sínú àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, adìyẹ á máa jẹun, kò ní tóbi bó ṣe yẹ. Lysine inú àgbàdo kéré, adìyẹ kò sì lè dá a ṣe lára.

Bakitéríà ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ń sìn, nínú àgbá gìrìwò tó kún fún omi ṣúgà. Ìdí wà fún un. Lysine ní ẹ̀dà méjì tó jọra bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, kẹ́míkà lásán sì máa ń ṣe méjèèjì pa pọ̀. Ní ti methionine, amino acid mìíràn tí a ń fi sóúnjẹ adìyẹ, ìyẹn kò dùn wá, adìyẹ á yí ẹ̀dà kejì padà sí èyí tó wúlò. Ní ti lysine, ẹ̀dà kejì kò wúlò fún un rárá. Ẹ́ńsáìmù inú bakitéríà kì í ṣe é; èyí tí ara ń lò nìkan ló ń ṣe.

Japan niṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1956, Shukuo Kinoshita àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Kyowa Hakko rí, nínú ilẹ̀, bakitéríà kan tó ń tú glutamate jáde, èyí tó wà nínú ajínómótò tí a ń fi sebẹ̀. Corynebacterium glutamicum là ń pè é lónìí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú un ṣe lysine pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n fúnra rẹ̀, bakitéríà kì í ṣe lysine ju èyí tó nílò lọ. Ẹ́ńsáìmù kan wà lójú ọ̀nà tí lysine ń gbà wáyé, aspartokinase. Bí lysine àti threonine, amino acid mìíràn, bá ti pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ á dúró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń da àbùdá bakitéríà rú, tí wọ́n ń ṣa èyí tó bá ń ṣe lysine jù, láìmọ ohun tó yí padà gan-an. Lysine pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n bakitéríà fúnra rẹ̀ rọ, kò tètè dàgbà mọ́.

Iṣẹ́ tí mo kà sí àgbà nínú gbogbo rẹ̀ wáyé ní 2002. Kyowa Hakko gbé àbùdá bakitéríà tó ti rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n sì mú àyípadà mẹ́ta péré sínú èyí tí ara rẹ̀ le. Ọ̀kan wà ní ipò 311 lára aspartokinase: amino acid tó ń jẹ́ isoleucine rọ́pò threonine níbẹ̀. Lysine kò lè dá a dúró mọ́. Nǹkan bíi giramu 80 lysine nínú lítà kan ni bakitéríà tuntun náà ṣe láàárín wákàtí 27.

Ní Thailand, wọ́n ń fi ṣúgà láti inú gbágùúdá bọ́ irú bakitéríà bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ló ń gbin gbágùúdá jù láyé, síbẹ̀ òkè òkun là ti ń ra lysine. Ó yẹ kí àwọn yunifásítì wa àti àwọn tó ń lọ gbágùúdá jókòó sọ̀rọ̀ nípa èyí.