Oògùn Tí Ó Pa Jẹjẹrẹ Nínú Àwo: Kí Ni Ìtumọ̀ Rẹ̀?

Ní dìsípẹ́ńsárì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ewé kan pa jẹjẹrẹ ní ilé àyẹ̀wò. Ṣé kí a fi ti ọsibítù sílẹ̀?" Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó kú, àti bí wọ́n ti mọ̀ pé ó kú.

Ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni ó para pọ̀ di ara wa. Àwọn onímọ̀ lè mú díẹ̀ nínú wọn, kí wọ́n máa bọ́ wọn nínú àwo tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Ní 1951, ní ọsibítù Johns Hopkins ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ lára Henrietta Lacks láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kú lọ́dún yẹn, ẹni ọdún 31. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tí à ń pè ní HeLa, ṣì ń bí sí i títí di òní.

Bí wọ́n bá da oògùn sí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, ọ̀nà púpọ̀ ni wọ́n fi ń mọ èyí tí ó kú.

Èkíní ni aró trypan blue. Awọ sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè kì í jẹ́ kí aró yìí wọlé. Awọ èyí tí ó kú ti ya, nítorí náà aró a wọ̀ ọ́. Wọn a fi máíkírósíkóòpù kà wọ́n: bí 20 nínú 100 bá di búlúù, 80 ni ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kú lọ lè má tíì gba aró.

Èkejì ni MTT, tí Tim Mosmann gbé jáde ní 1983. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Sẹ́ẹ̀lì alààyè ni ó ń sọ ọ́ di elése àlùkò, ẹ̀rọ a sì wọn àwọ̀ náà. Bí àwọ̀ bá kéré, ó lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kú, ó sì lè jẹ́ pé wọn kò bí sí i mọ́ ni. Omi ewé mìíràn sì lè yí àwọ̀ MTT padà fúnra rẹ̀, láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dán omi ewé nìkan wò lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí a bá da bílíìṣì sínú àwo náà, jẹjẹrẹ yóò kú. Ta ni yóò gbé bílíìṣì mu? Àwo kò ní ẹ̀dọ̀, kò ní kíndìnrín, kò ní ọkàn. A ní láti mọ̀ bóyá oògùn náà dá sẹ́ẹ̀lì tí ó dára sí, ìwọ̀n tí ara lè gbà, àti bóyá ó wo aláìsàn sàn.

N kò kẹ́gàn ewé o. Láti ara òdòdó kan tí ó ti erékùṣù Madagascar wá ni a ti rí vincristine, tí dókítà ń fi abẹ́rẹ́ fà sí iṣan àwọn alárùn jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró ní inú àwo. Wọ́n dán an wò títí dé ara ènìyàn, wọ́n sì mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi ìtọ́jú ọsibítù sílẹ̀ nítorí ìròyìn inú àwo. Bí ẹ bá sì ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín; a kò ní bá yín jà. Obìnrin tí ó bá rí kókó ní ọmú, tàbí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, kí ó tètè wá.