Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Péèsìmékà àti ilẹ̀kùn báńkì

Ilẹ̀kùn báńkì tó máa ń ké bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lápò, ṣé ó léwu fún ẹni tí dókítà fi péèsìmékà (ẹ̀rọ kékeré tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù) sí láyà?

Agbára òòfà ni ilẹ̀kùn náà fi ń wá irin. Péèsìmékà ní tirẹ̀ ń ṣọ́ iná mọ̀nàmọ́ná kékeré tí ọkàn fi ń lù. Bí èèyàn bá dúró pẹ́ nínú agbára òòfà yìí, ẹ̀rọ náà lè ṣì í gbọ́, kó rò pé ọkàn ti lù, kó sì dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀. Ẹni tó bá rìn kọjá lásán kì í sábà rí ìyọnu.

✅ Ẹ mú káàdì péèsìmékà yín dání. Ẹ fi han ẹ̀ṣọ́ kí ẹ tó wọlé, kó gba ibòmíràn mú yín wọlé.
✅ Ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tí irú ilẹ̀kùn yìí wà pẹ̀lú, ẹ rìn kọjá wẹ́rẹ́. Ẹ má dúró, ẹ má fara ti ilẹ̀kùn náà.
✅ Bó bá ké, ẹ má jáyà. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ yẹ̀ yín wò.
✅ Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí wọ́n fi ń wá irin dúró sórí àyà yín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá àti ìyá tọ́rọ̀ kàn.