Ṣé O Mọ̀? Irin Tí Kì Í Dógùn-ún, Láti Dagenham East Dé Ọ̀tà

Ṣé o mọ̀ pé síǹkì tí o fi ń fọ abọ́, ìkòkò tó ń yí aṣọ po nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, sàlẹ́ńsà abẹ́ ọkọ̀ àti tánkí tí wọ́n ti ń po oògùn ikọ́, inú kọ́ìlì ni wọ́n ti wá? Kọ́ìlì sitẹnlẹ́ẹ̀sì ni mò ń wí: páànù irin gígùn tí kì í dógùn-ún bọ̀rọ̀, tí wọ́n ká jọ bí ẹní kí ó tó kúrò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́.

Ṣé o mọ̀ bí ọ̀kan ṣe gùn tó? Mú èyí tó nípọn ní mìlímítà 1, tó sì fẹ̀ ní mítà 1.25. Mítà kan péré nínú rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi kílò 10. Bí kọ́ìlì náà bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 10, tí o sì tú u sílẹ̀ lójú títì, yóò nà tó kìlómítà kan.

Ṣé o mọ̀ pé irin lásán ló pọ̀ jù nínú sitẹnlẹ́ẹ̀sì? Chromium tí wọ́n pò mọ́ ọn ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́. Bí chromium bá ti pé ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò bá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe pọ̀, yóò sì da awọ kan bo irin náà. Ojú kò lè rí awọ yìí. Nanómítà díẹ̀ ni nínípọn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan nanómítà ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Fi ìṣó ha á, yóò tún ara rẹ̀ ṣe, níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń kàn án. Ìdí nìyí tí kò fi dà bí irin tí wọ́n kùn lọ́dà: kò sí ọ̀dà kankan níbẹ̀ tí yóò bó.

Ṣé o mọ̀ pé ìbọn ni wọ́n ń tún ṣe nígbà tí wọ́n rí i? Ní ọdún 1913, ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Brearley ń wá irin tí ooru ọta kò ní í tètè jẹ nínú ẹnu ìbọn. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìléru ni Brearley, ọmọ ọdún 12 ló sì wà nígbà tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Irin tó pò lóṣù kẹjọ ọdún náà ní chromium tó súnmọ́ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ṣàkíyèsí pé ásíìdì kò rí i gbé ṣe. Ọ̀bẹ ìjẹun ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ernest Stuart, ẹni tó ń ṣe ọ̀bẹ nílùú náà, fi fínégà dán an wò, òun ló sì fún un lórúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí dòní. Àmọ́ kí a má ṣe fi gbogbo ìyìn fún Sheffield nìkan: lọ́dún 1912, ní Jámánì, Benno Strauss àti Eduard Maurer ti ilé iṣẹ́ Krupp ti béèrè fún ìwé àṣẹ lórí irú tiwọn, èyí tó ní nickel nínú. Irú ti Jámánì yìí ni baba èyí tó pọ̀ jù lọ́jà lónìí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé Dagenham East, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1885 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin ibẹ̀, tí wọ́n sì ń pè é ní Dagenham lásán títí di 1949 kí wọ́n tó fi East kún un?

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ náà ni ilé iṣẹ́ apoògùn May & Baker wà rí? Ọdún 1839 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kó wá sí Dagenham ní 1934. Ibẹ̀ ni oògùn M&B 693 ti jáde lópin àwọn ọdún 1930, nígbà tí pẹnisílíìnì kò tíì dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, tí òtútù àyà sì ń pa èwe pa àgbà. Nígbà tí àrùn náà dá Winston Churchill wólẹ̀ ní Tunisia lóṣù Kejìlá ọdún 1943, oògùn Dagenham ni wọ́n fún un, ó sì dìde.

Ṣé o mọ̀ pé kò pé ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tí May & Baker fi dé ọ̀dọ̀ wa? Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944 ni wọ́n fi orúkọ May & Baker Nigeria sílẹ̀ lábẹ́ òfin, òun sì ni ilé iṣẹ́ apoògùn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lónìí, Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni ilé ìpoògùn rẹ̀ ńlá wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Dagenham East lójoojúmọ́ ni M&B wo ibà àti ẹ̀fọ́rí wọn ní kékeré, tí wọn kò sì mọ̀ pé àdúgbò tí wọ́n ń gbé gan-an ni orúkọ náà ti gbéra wá bá wọn nílé. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí ilé ìpoògùn òde òní kò fi lè rìn láìsí sitẹnlẹ́ẹ̀sì? Oògùn olómi kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun lára tánkí. Bí irin bá jẹra wọ inú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ lè yí, agbára rẹ̀ sì lè dínkù. Irú tí wọ́n máa ń lò jù ni 316L. Chromium wà nínú rẹ̀, nickel wà nínú rẹ̀, molybdenum ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún sì tún wà níbẹ̀ láti kojú iyọ̀. Wọ́n á gé páànù láti inú kọ́ìlì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ yípo, wọ́n á jó o pọ̀, wọ́n á wá ha inú rẹ̀ títí yóò fi máa dán, kí kòkòrò àìfojúrí má baà rí kòtò kankan sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, omi gbígbóná, ọṣẹ líle àti ooru omi yóò gba inú rẹ̀ kọjá. Irin lásán kò lè fara da ìyẹn fún oṣù kan.

Kí ni L tó wà lẹ́yìn 316? Òun ló ń sọ pé kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò ju ìdá 0.03 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí wẹ́dà bá jó èyí tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀, iná yóò mú kí kábọ́ọ̀nù di chromium mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tó jó. Chromium kò ní í ṣẹ́ kù tó láti ṣe awọ, ibẹ̀ ni ìdógùn-ún yóò sì gbà wọlé. Wẹ́dà tó mọ èyí kò ní í padà wá tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ilé iṣẹ́ Dagenham East náà kò sí mọ́. Sanofi, tó jogún rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ti í ní 2013. Ọgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Londoneast-UK ló wà níbẹ̀ báyìí, yàrá ìwádìí PEARL ti University College London wà ládùúgbò náà, ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá kan sì ti dé.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 2013 yẹn kan náà ni Ford ti ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ páànù ọkọ̀ pa ní Dagenham, nísàlẹ̀ létí odò Thames? Ọdún náà le fún àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò yẹn. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1931 ni ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀, wọ́n sì to mọ́tò pọ̀ níbẹ̀ títí di 2002. Kọ́ìlì irin ni oúnjẹ àwọn ẹ̀rọ náà: wọ́n á tú u, wọ́n á gé e, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ di ilẹ̀kùn àti òrùlé ọkọ̀. Irin tó ń dógùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdí sì nìyí tí ọkọ̀ fi nílò ọ̀dà.

Ṣé o mọ̀ pé Ford ti fi sitẹnlẹ́ẹ̀sì ṣe ara ọkọ̀ rí? Ní 1936, ní Amẹ́ríkà, òun àti ilé iṣẹ́ Allegheny ṣe mẹ́fà. Irin náà ṣòro tẹ̀, wọn kò sì sọ ọ́ di ọjà.

Sàlẹ́ńsà ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí èéfín ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le, irin lásán kò tó ibẹ̀ mọ́. Sitẹnlẹ́ẹ̀sì 409 tàbí irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò, tí chromium rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n á la kọ́ìlì fífẹ̀ sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á ká ọ̀já náà di páìpù, iná á sì lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ bó ṣe ń sáré kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé kọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ láti orí àlòkù? Irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ló máa ń pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń dà sínú iná ìléru oníná mànàmáná ní Yúróòpù. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ argon àti ọ́síjìn wọ inú irin yíyọ́ náà láti lé kábọ́ọ̀nù jáde. Kí ọgbọ́n yìí tó dé iṣẹ́ lópin àwọn ọdún 1960, owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á wá dà á di pákó irin tó nípọn tó mìlímítà 200, wọ́n á fi rólà gbígbóná fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ku mìlímítà díẹ̀, wọ́n á fi ásíìdì fọ ojú dúdú rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà ni rólà tútù yóò gbà á.

Rólà tútù náà yẹ fún ìyìn. Tadeusz Sendzimir, ọmọ Poland, ló ṣe irú rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù. Ogún rólà ló wà nínú ẹ̀rọ kan, àmọ́ méjì péré ló ń kan irin. Wọ́n kéré kí wọ́n lè rí irin líle náà tẹ̀, méjìdínlógún yòókù sì gbárùkù tì wọ́n kí wọ́n má baà wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé o lè fi ọkọ̀ ojú irin District láti Dagenham East lọ wo sitẹnlẹ́ẹ̀sì tó ti ju àádọ́rùn-ún ọdún lọ? Sọ̀kalẹ̀ ní Embankment, kí o rìn dé ilé ìtura Savoy: ọdún 1929 ni wọ́n gbé ìbòrí irin rẹ̀ tó ń dán sókè lẹ́nu ọ̀nà. Ní Mansion House, wo òkè St Paul's. Ṣẹ́ẹ̀nì sitẹnlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi di òrùlé rìbìtì ṣọ́ọ̀ṣì náà lámùrè láàárín 1925 sí 1930 kò ní í hàn sí ọ, àmọ́ ó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú chromium ayé ti ń wá? Gúúsù Áfíríkà ló ń wa òkúta rẹ̀ jù lágbàáyé, Zimbabwe náà ní púpọ̀. Ṣáínà ló ń ra èyí tó pọ̀ jù, òun ló sì ń ṣe ju ìdajì sitẹnlẹ́ẹ̀sì ayé, nínú èyí tó lé ní 50 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ó dùn mí pé òkúta wa ń lọ sókè òkun, tí a sì ń fi dọ́là ra ìkòkò padà.

Ṣé o mọ̀ pé gààrí náà nílò sitẹnlẹ́ẹ̀sì? Omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì máa ń jẹ irin lásán. Ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, bí ó bá jẹ́ páànù lásán tí wọ́n fi ìṣó lu, yóò dógùn-ún, ohun tó bá sì bó lára rẹ̀, inú gààrí ló ń lọ. Ìdí nìyí tí sitẹnlẹ́ẹ̀sì fi yẹ níbikíbi tí oúnjẹ bá ti ń kan ẹ̀rọ. Kò sí ibi tí mo rò pé ó yẹ kí ìjọba ti ran àwọn ìyá tó ń ṣe gààrí lọ́wọ́ ju ibí yìí lọ.

Ṣé o mọ̀ pé òòfà kò lè sọ òtítọ́ fún ọ lọ́jà? Wọ́n ní bí òòfà bá ti lè fà á, ayédèrú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òòfà máa ń fa irú tí wọ́n ń pè ní 430, ojúlówó sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní nickel. 304, tó ní chromium 18 àti nickel 8 nínú ọgọ́rùn-ún, òòfà kì í fà á, àfi níbi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Èyí tó yẹ kí o ṣọ́ra fún ni 201: wọ́n fi manganese rọ́pò púpọ̀ nínú nickel rẹ̀ kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀, òòfà kì í sábà fà á, ó ń dán bíi 304, àmọ́ létí òkun, kì í pẹ́ kó tó pọ́n.

Létí òkun ní Èkó, 304 pàápàá máa ń yọ àbàwọ́n lára irin ìdìmú àtẹ̀gùn. 316 ló tọ́ síbẹ̀.

Má fi bílíìṣì fọ síǹkì rẹ kí o sì fi í sílẹ̀ mọ́jú: klorini inú rẹ̀ ń gbẹ́ ihò sí i. Iyọ̀ ńkọ́? Jẹ́ kí omi hó kí o tó da iyọ̀ sínú ìkòkò. Má sì fi kànìnkànìn onírin lásán ha á, nítorí èérún rẹ̀ tó bá kù sára ìkòkò ni yóò dógùn-ún, wọ́n á sì máa bú ìkòkò tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kọ́ìlì gidi kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀? Nọ́ńbà ìléru tí wọ́n ti yọ́ ọ wà nínú ìwé náà, ìwọ̀n chromium, nickel àti kábọ́ọ̀nù rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ní Yúróòpù, 3.1 ni wọ́n ń pè é. Ìwọ tó ń ra páànù fún ẹ̀rọ gààrí ní Ìjẹ̀bú, ìwọ tó ń ra tábìlì irin fún ilé oúnjẹ rẹ ní Dagenham, ìwọ tó ń gbé iṣẹ́ rélì fún wẹ́dà ní Lẹ́kí: kí o tó sanwó, bèèrè nọ́ńbà irin náà, kí o sì ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn ọ́.