Orúkọ Àìsàn àti Àgbákò nínú Èdè Ṣáínà àti ti Jàpáànù: Ẹ̀kọ́ fún Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀-Ìperí

1. Ìfáàrà

Orúkọ tí a bá fún àìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òun ni dókítà ń sọ sétí aláìsàn. Òun náà ni ará àdúgbò ń gbọ́ kí wọ́n tó pinnu bóyá àwọn yóò bá onítọ̀hún jẹun. Èdè Ṣáínà àti èdè Jàpáànù kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn ará Jàpáànù ti yá àmì ìkọ̀wé Ṣáínà lò. Ohun tí ojú èdè méjèèjì ti rí wúlò fún ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá.

2. Àmì ibùsùn

Nínú ìkọsílẹ̀ Ṣáínà, àmì kan wà tí ó ń fara hàn nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ àìsàn. Àwòrán ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó wà nínú bìng (àìsàn), tòng (ìrora), yì (àjàkálẹ̀ àrùn) àti ái (jẹjẹrẹ). Bí a bá fi àmì afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ó di fēng, èyí tí í ṣe wèrè. Afẹ́fẹ́ yìí kò ṣàdédé dé ibẹ̀: ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà kà á mọ́ àwọn ohun tí ń fa àìsàn. Àwọn ará Jàpáànù pẹ̀lú ń fi àmì méjì kọ kaze, èyí tí í ṣe ọ̀fìnkìn: 'afẹ́fẹ́' àti 'ibi'.

3. Ọ̀rọ̀ tí ó dọ́gba létí

Ṣáínà jẹ́ èdè olóhùn bíi Yorùbá. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì lè bára dọ́gba ní ìró àti ní ohùn. Nígbà kan rí, yán ni wọ́n ń pe jẹjẹrẹ; yán kan náà ni wọ́n ń pe kí ẹ̀yà ara gbóná kí ó sì wú. Nítorí náà, wèiyán lè jẹ́ àpòlúkù tí ó kàn wú, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ àpòlúkù. Lójú ìwé, àmì wọn yàtọ̀. Létí aláìsàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní ọ̀rúndún ogún ni wọ́n yí pípè ti jẹjẹrẹ padà sí ái.

Irú ìdọ́gba báyìí ló ń bí ìbẹ̀rù àgbákò. Ní Jàpáànù, shi ni ẹ̀rin, shi náà ni ikú. Ku ni ẹ̀sán, ku náà ni ìyà. Nítorí èyí, àwọn ilé ìwòsàn kan kì í fi nọ́ńbà 4 sára yàrá. Ọdún 42 sì jẹ́ ọdún àgbákò fún ọkùnrin, nítorí pé bí a bá pe 4 àti 2 tẹ̀ lé ara wọn, shi-ni, ó ń dún bíi 'kíkú'.

4. Orúkọ tí ń kó ìtìjú báni

Àìsàn ọpọlọ kan wà tí aláìsàn ti máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Seishin bunretsu byō, 'àrùn ọkàn tí ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ', ni Jàpáànù ń pè é. Orúkọ yìí burú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ dókítà kò fi lè sọ ọ́ fún aláìsàn. Ní 1993, ẹgbẹ́ àwọn ẹbí aláìsàn bẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ pé kí wọ́n pa á tì. Ní 2002, wọ́n fi tōgō shitchō shō rọ́pò rẹ̀, èyíinì ni 'àìsàn tí kì í jẹ́ kí nǹkan ṣọ̀kan bó ti yẹ'. Láàárín ọdún mẹ́ta, iye aláìsàn tí wọ́n sọ orúkọ àìsàn wọn fún kúrò ní nǹkan bí 37 nínú 100, ó di nǹkan bí 70.

Ní 2004, ìjọba pa chihō tì, orúkọ àìsàn tí ń mú àgbàlagbà gbàgbé nǹkan. 'Gọ̀' àti 'dìndìnrìn' ni àmì rẹ̀ méjèèjì. Ninchishō, 'àìsàn ìmọ̀', ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

5. Ìkádìí

Yorùbá pẹ̀lú mọ̀ pé orúkọ àìsàn lágbára: àgbà kì í déédéé dárúkọ Ṣànpọ̀nná, ilẹ̀ẹ́gbóná ni wọn yóò wí. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ dáhùn. Ṣé ọ̀rọ̀ náà dá yàtọ̀ létí? Ṣé ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe kedere? Ṣé a lè sọ ọ́ lójú aláìsàn láìdójú tì í? Atúmọ̀ ìwé ìṣègùn lè kọ́kọ́ fi 'ṣíṣe àrán' dán ìbéèrè kẹta wò: ọmọ wo ni yóò wo ojú ìyá rẹ̀ tí yóò sọ fún un pé ó ń ṣàrán?