Ìtọ́jú àti Ìmúgbòòrò Agbára Ẹ́ńjìnnì: Àpẹẹrẹ Ọkọ̀ Akẹ́rù-Oko ní Ìgbèríko Ìbàdàn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí ọ̀nà tí a lè gbà mú kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní agbára sí i láìpa á lára. Àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹrù oko láti ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà wọ ìlú Ìbàdàn ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. A ṣe àlàyé iṣẹ́ mẹ́rin tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe, a sì fi ìyàtọ̀ hàn láàrin dídá agbára tí ẹ́ńjìnnì ti pàdánù padà fún un àti fífi agbára tuntun kún un. Èrò wa ni pé ti àkọ́kọ́ ni ó yẹ ọkọ̀ ìgbèríko ju ti èkejì lọ, àti pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní àtúnṣe ni ó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

1.0 Ìfáàrà

Ẹ̀gẹ́ tí a bá hú lónìí kò ní sùúrù. Láàrin ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tí kò sì ní wúlò fún gàrí tó dára mọ́. Tòmátì àti ẹ̀fọ́ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn Mọníyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹ̀rúnmu tàbí Akànrán mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ sójú ọ̀nà, kì í ṣe owó mẹkáníìkì nìkan ni òun yóò san. Ẹrù orí ọkọ̀ náà ti di àdánù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ agbára ẹ́ńjìnnì fi kan ẹni tí kò ní ọkọ̀ rárá.

Oríṣiríṣi ọkọ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ yìí. Bọ́lẹ̀kájà onípákó ni àwọn bàbá wa mọ̀. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná ní 1975, Peugeot 504 gba òde kan, ó sì di ọkọ̀ tí gbogbo mẹkáníìkì mọ inú rẹ̀ bí ẹni mọ owó. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ tókùnbọ̀ láti Yúróòpù àti Japan kún ìgboro. Nissan Micra, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1992, di takisí Ìbàdàn, ó sì ń gbé àpò gàrí àti agbọ̀n ata bí ó ti ń gbé ènìyàn.

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye owó epo bẹntiróòlù ti gòkè ju ìlọ́po méjì lọ. Nítorí náà, awakọ̀ tí ń wá agbára ń wá ẹ́ńjìnnì tí kì í mu epo jù pẹ̀lú. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ohun méjèèjì kì í ta ko ara wọn bí a bá mọ ibi tí agbára ti ń wá.

2.0 Ibi tí Agbára Ẹ́ńjìnnì ti ń wá

Ní 1876 ni Nikolaus Otto, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe ẹ́ńjìnnì oníṣẹ́ mẹ́rin tí ó di ìpìlẹ̀ fún èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ń lò títí di òní. Iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà nìyí: ìfàmu, ìfúnpọ̀, ìjóná àti ìtújáde. Ní àkókò ìfàmu, písítìnì yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ní àkókò ìfúnpọ̀, yóò gòkè, yóò sì fún wọn pọ̀ mọ́ra. Pọ́lọ́ọ̀gì yóò ṣáná, iná yóò ràn, ooru yóò sì ti písítìnì sísàlẹ̀. Iṣẹ́ kẹta yìí nìkan ni ó ń mú agbára wá. Ní ìkẹyìn, èéfín yóò jáde gba ẹnu salẹ́ńsà.

Bí a bá wo ètò yìí fínnífínní, a ó rí i pé ohun mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì nílò: afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó, epo tó bá afẹ́fẹ́ náà mu, ìfúnpọ̀ tí kò jò, àti iná tó ṣẹ́ ní àsìkò tó yẹ. Kílógíráàmù afẹ́fẹ́ bíi 14.7 ni kílógíráàmù epo bẹntiróòlù kan nílò láti jóná tán. Bí epo bá pọ̀ jù, èéfín dúdú ni yóò dà. Bí ó bá kéré jù, agbára yóò dínkù, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa gbóná. Nínú ooru tí epo ń mú jáde, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó ń di iṣẹ́. Ìyókù ń bá èéfín àti omi rédíétọ̀ lọ. Àlàfo tí a lè dí kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a lè fi àìbìkítà ṣí sílẹ̀ pọ̀.

2.1 Ìṣòro Ọ̀rọ̀ kan: Nọ́kì

Ó yẹ kí a yanjú ọ̀rọ̀ kan kí a tó tẹ̀síwájú. Bí mẹkáníìkì wa bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́kì, ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì náà ti dákú, kò yí mọ́. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ìró kékeré tí ń dún bí ẹni ń fi òkúta lu irin ni à ń pè bẹ́ẹ̀, nígbà tí epo bá bú gbàmù nínú sílíńdà dípò kí ó jó wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì yìí ni ìkìlọ̀. Àkọ́kọ́ ni ikú. Ọmọṣẹ́ tí a kò bá là á yé yóò gbọ́ ìkìlọ̀, kò sì ní mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó pe ìró ìkìlọ̀ náà ní ‘ìró ìbúgbàmù’.

3.0 Dídá Agbára Padà fún Ẹ́ńjìnnì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa lápálápá. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó ń wá ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù, nígbà tí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn kò rí afẹ́fẹ́ mí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a dá ohun tí ẹ́ńjìnnì ní nígbà tó wà ní tuntun padà fún un, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré.

3.1 Afẹ́fẹ́: Ọ̀nà oko ní agbègbè wa, erùpẹ̀ pupa ni. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ kan kò lè tẹ̀lé òmíràn kí ó má gbé eruku mì. Fítà afẹ́fẹ́ ni ó ń dá eruku yìí dúró. Bí ó bá dí, ẹ́ńjìnnì kò ní rí afẹ́fẹ́ tó. Bí ó bá ya, eruku yóò wọlé, yóò sì máa ha ògiri sílíńdà bí ìgbà tí a fi bébà yíyọ́ ha pákó. Àṣà fífi epo bẹntiróòlù fọ fítà oníbébà tàbí fífi ẹ̀rọ ìfatáyà fẹ́ ẹ láti itòsí kò dára, nítorí ó ń lu bébà náà ní ihò tí ojú kò rí. Kí a gbọ̀n ọ́n pẹ̀lẹ́, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ bí àsìkò bá tó.

3.2 Iná: Ojú pọ́lọ́ọ̀gì ni dígí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú, ara ẹ́ńjìnnì yá. Bí ó bá dúdú tí ó sì gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá funfun tí ó sì lé ròrò, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù tàbí epo kò tó. Bí ọ́ìlì bá rin ín, ríǹgì tàbí ìdí fáàfù ti ń jò. Mẹkáníìkì tí ó bá tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó sì tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn ti mọ sílíńdà tí ń ṣàìsàn kí ó tó na ọwọ́ sí sípánà míràn. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ bíi 504, àsìkò tí iná ń ṣẹ́ ṣeé sún síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí iná bá ṣẹ́ pẹ́ jù, ọkọ̀ yóò wúwo lórí òkè. Bí ó bá yá jù, a ó gbọ́ ìró ìbúgbàmù.

3.3 Epo àti ọ́ìlì: Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà láti òkè òkun, ìjọba sì ní láti kó o kúrò lọ́jà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù a máa fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ irin àti rọ́bà inú ọ̀nà epo. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sí àtúnṣe tí ó lè borí epo búburú. Epo inú kẹ́ẹ̀gì etí ọ̀nà a máa ní omi àti ìdọ̀tí nínú. Fítà epo ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ní ti ọ́ìlì, èyí tí a ti lò kí a má dà á padà sínú ẹ́ńjìnnì, bí ó ti wù kí a sẹ́ ẹ tó. Aṣọ lè mú ìdọ̀tí kúrò, kò lè dá okun ọ́ìlì padà.

3.4 Ìfúnpọ̀: Ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré kan wà tí a ń dé sí ihò pọ́lọ́ọ̀gì láti mọ bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí. Bí ìwọ̀n sílíńdà kan bá lọọlẹ̀ gan-an ju ti àwọn yòókù lọ, kí a da ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí a sì tún un wọ̀n. Bí ìwọ̀n náà bá gòkè, ríǹgì ni ó ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí a lọ wò. Ìdánwò yìí kò gbà ju wákàtí kan lọ, ó sì lè gba onímọ́tò lọ́wọ́ títú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀ láìnídìí.

4.0 Àtúnṣe tí ń Ba Ẹ́ńjìnnì Jẹ́

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni yíyọ tẹmósítáàtì. Tẹmósítáàtì ni ìlẹ̀kùn tí ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, tí ó sábà máa ń ju 80°C lọ. Àwọn kan gbà pé ilẹ̀ wa gbóná, nítorí náà a kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru ojú ọjọ́ wa kò tó ìdajì ooru tí ẹ́ńjìnnì nílò. Bí a bá yọ ọ́ nínú ọkọ̀ bíi Micra, brẹ́ènì bọ́ọ̀sì yóò rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, yóò sì máa fún un ní epo púpọ̀. Epo tí kò jó tán yóò fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ríǹgì yóò sì jẹ. Ọkọ̀ tí ń gbóná jù ní àìsàn níbòmíràn: rédíétọ̀ dídí, fáànù tí kò yí, tàbí omi lásán tí ó ti mú kí ihò inú rẹ̀ dípẹtà. Ìyọkúrò tẹmósítáàtì ń pa ìkìlọ̀ mọ́ ni, kò wo àrùn náà.

Èkejì ni gígé salẹ́ńsà tàbí yíyọ ohun tí ń sẹ́ èéfín inú rẹ̀. Bí ó bá ti dí, òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì kò ní lè mí, ó sì yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá dí, agbára tí yíyọ rẹ̀ ń mú wá kò tó nǹkan. Ariwo ni ó ń pọ̀, etí awakọ̀ a sì máa ka ariwo kún agbára. Èéfín olóró tí kò rí ohun tí yóò sẹ́ ẹ ni àwọn ìyálọ́jà tí ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ń fà símú.

Ẹ̀kẹta ni fífá ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà léraléra. Bí ọkọ̀ bá gbóná tí tọ́ọ̀pù sì tẹ̀, a máa ń gbé e lọ fún tọ́nà láti fá a kí ó lè tẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀kan lè má burú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá fá a ni àyè tí afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀ sí ń kéré sí i. Ìfúnpọ̀ yóò ga, agbára yóò lé díẹ̀, inú awakọ̀ yóò sì dùn, títí di ọjọ́ tí ìró ìbúgbàmù yóò bẹ̀rẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ẹrù.

5.0 Fífi Agbára Tuntun Kún un

Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí tí ẹrù sì ṣì ju agbára ọkọ̀ lọ, ọ̀nà mélòó kan wà. Àkọ́kọ́ ni kí a gbẹ́ sílíńdà tó ti jẹ, kí a fi písítìnì àti ríǹgì tó tóbi díẹ̀ sí i. Èyí kì í sábà fi agbára púpọ̀ kún un. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìfúnpọ̀ yóò padà bọ̀ sípò.

Èkejì ni pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Micra 1992 yẹn jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì oríṣi méjì, onílítà kan àti onílítà 1.3, ìyàtọ̀ agbára wọn sì hàn gbangba lórí òkè. Ẹni tí ó bá fi ńlá rọ́pò kékeré gbọ́dọ̀ ronú nípa brẹ́ènì bọ́ọ̀sì, rédíétọ̀ àti bíréèkì, nítorí ohun tí ó ń sáré sí i gbọ́dọ̀ lè dúró sí i. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ìwé ọkọ̀. Kí a tún un ṣe kí awakọ̀ má baà di ẹni tí a fura sí.

Ẹ̀kẹta ni fífipá ti afẹ́fẹ́ wọlé. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé-àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1905: èéfín tí ń jáde ni a fi ń yí fáànù tí ń ti afẹ́fẹ́ wọlé. Ó dára fún ẹ́ńjìnnì dísù tí a ṣe fún un. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tókùnbọ̀ tí a kò ṣe fún un kò lè gba ìfúnpọ̀ náà, písítìnì rẹ̀ yóò sì fọ́.

Ẹ̀kẹrin ni gáàsì tí ìjọba àpapọ̀ ti ń polongo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àrọ́pò epo bẹntiróòlù. Owó rẹ̀ ni ó fúyẹ́, kì í fi agbára kún ọkọ̀. Ó tilẹ̀ ń dín in kù díẹ̀, nítorí gáàsì ń gba àyè afẹ́fẹ́ nínú sílíńdà, ìkòkò rẹ̀ sì wúwo. Kí àgbẹ̀ tó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ wo bí ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ṣe jìnnà sí oko rẹ̀ tó.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣe àlàyé pé afẹ́fẹ́, epo, ìfúnpọ̀ àti iná ni orísun agbára ẹ́ńjìnnì, àti pé ibi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti yingin ni kí a wá àìsàn sí. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀; ẹ́ńjìnnì ni orí ọkọ̀. A dá a lábàá pé kí àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ máa fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ìdí iṣẹ́ fún ọmọṣẹ́, kì í ṣe bí a ṣe ń ṣe é nìkan. Ọmọṣẹ́ tí ó mọ̀ pé tẹmósítáàtì ń gbà á lọ́wọ́ àdánù epo kò ní yọ ọ́ sọnù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí a hú ní Akànrán láàárọ̀ yóò dé ọjà ní ọjọ́ kan náà, owó rẹ̀ yóò sì dé ọwọ́ ẹni tó hú u.